Sìtíárìn tó dẹ̀, sìkúrù tí wọ́n fún: bí a ṣe ń tún bọ́ọ̀sì sìtíárìn ọkọ̀ àtijọ́ ṣe

Ìbéèrè tó wá sọ́dọ̀ mi nìyí, mo gé e kúrú: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1966, kò ní páwà tó ń bá awakọ̀ yí sìtíárìn, bọ́ọ̀sì sìtíárìn rẹ̀ (àpótí irin tó ń sọ yíyí ọwọ́ sìtíárìn di yíyà táyà) sì jẹ́ oníbọ́ọ̀lù. Ẹni tó ni ín ní òun máa ń yí ọwọ́ sìtíárìn tó ìka mẹ́rin kí táyà tó mọ̀ pé òun yí i, ọ́ìlì sì ń kán lábẹ́ bọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì kan fún sìkúrù tó wà lórí bọ́ọ̀sì náà. Fíríì, ìyẹn yíyí lásán tí táyà kì í dáhùn sí, dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà tán, ọwọ́ sìtíárìn kì í padà sí àárín fúnra rẹ̀ mọ́. Ó wá béèrè pé: ṣé bọ́ọ̀sì yìí ṣeé tún ṣe, àbí kí òun wá òmíràn? Ṣé òun sì lè fọwọ́ ara òun ṣe é?

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó tún wà á. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ẹ fi ìdúró irin tó dáa gbé e ró, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì tó de sìkúrù orí yẹn, kí ẹ sì máa dá sìkúrù náà padà díẹ̀díẹ̀ títí sìtíárìn yóò fi yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láti òpin kan dé èkejì. Fíríì yóò padà. Ẹ jẹ́ kó padà. Sìtíárìn tó dẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n èyí tó há lójú kọ́nà tí kò fẹ́ tọ́ mọ́ léwu jù ú lọ fíìfíì.

Ìdí tó fi há rèé. Nínú bọ́ọ̀sì oníbọ́ọ̀lù, ọ̀pá tó ti ọwọ́ sìtíárìn sọ̀kalẹ̀ parí sí wọ́ọ̀mù, irin tí wọ́n gbẹ́ ipa yípo sí lára. Nọ́ọ̀tì ńlá kan wọ̀ mọ́ ọn, àmọ́ inú nọ́ọ̀tì náà kò kan wọ́ọ̀mù rárá. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ń yí nínú ipa yẹn, wọ́n sì ń gba inú páìpù kékeré padà síbi tí wọ́n ti wá. Ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì yìí ní eyín, eyín náà kọ́ eyín ṣáàfùtì kan tó jáde sísàlẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ìdí ṣáàfùtì eléyín yìí ni wọ́n de pítímánì mọ́, ìyẹn apá irin tó ń ti àwọn ọ̀pá tó lọ sí táyà.

Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ eyín wọ̀nyí kí wọ́n lè mọ́ra ní àárín gbùngbùn, nígbà tí táyà bá kọjú síwájú tààrà, kí àyè díẹ̀ sì wà bí ẹ bá ti yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Wọ́n mọ ibi tí yóò ti jẹ. Iwájú tààrà ni ọkọ̀ ń lọ jù lọ, nítorí náà àárín eyín ló máa ń jẹ ṣáájú, bí ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Sìkúrù orí wà láti máa gba àyè tí jíjẹ yẹn bá mú wá. Bí àárín bá ti wá jẹ ju ìwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, tí ẹnì kan sì fún sìkúrù títí àárín fi mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí kò tíì jẹ ni yóò há. Ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tí táyà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mẹkáníìkì yín fún un, tí àárín fi wá há. Ọ̀nà kẹta tún wà, òun ni mo sì ń bá pàdé jù: kì í ṣe eyín ló dẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀rìn ìdí wọ́ọ̀mù ni, wọ́n wá fi sìkúrù eyín bo àìsàn bẹ́ẹ̀rìn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì tú bọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀, kó máa mi ọwọ́ sìtíárìn sọ́tùn-ún sósì láàárín fíríì yẹn nìkan. Kí ẹ̀yin mú iná, kí ẹ sì máa wo láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí ọ̀pá òkè bá ń yí tí èyí tó wọ bọ́ọ̀sì kò yí, rọ́bà tàbí oríkèé tó so wọ́n pọ̀ ló bàjẹ́. Bí èyí tó wọ bọ́ọ̀sì bá ń yí tí pítímánì kò mì, bọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi. Bí pítímánì bá ń mì tí táyà kò dáhùn, ẹ lọ fọwọ́ bo àwọn táírọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó lọ sí táyà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ bo apá kejì tó gbé ọ̀pá àárín ró ní òdìkejì bọ́ọ̀sì. Èyí tó bá ti jẹ, ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kí ẹ tó fojú rí i. Ẹ wo bóòtì tó de bọ́ọ̀sì mọ́ férémù dáadáa. Mo ti rí ọkọ̀ àtijọ́ tí férémù rẹ̀ là níbi ihò bóòtì wọ̀nyí gan-an, tí bọ́ọ̀sì fi ń mì lódindi. Kò sí àtúnṣe inú bọ́ọ̀sì tó lè wo ìyẹn sàn.

Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì, ẹ ṣì lè mọ ibi tó ń dùn ún kí ẹ tó tú u. Ẹ di ọ̀pá tó wọ inú rẹ̀ mú, ẹ fà á, ẹ tì í: bí ó bá ń wọlé tó ń jáde, bẹ́ẹ̀rìn wọ́ọ̀mù ti dẹ̀. Ẹ di pítímánì mú, ẹ mì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: bí ṣáàfùtì bá ń gbo síwá sẹ́yìn, búṣì (òrùka irin tí ṣáàfùtì ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ, ìyẹn náà ló sì fà á tí síìlì kò fi lè dá ọ́ìlì dúró. Síìlì tuntun lórí búṣì tó ti jẹ kì í pẹ́ tó fi tún máa kán. Bí ṣáàfùtì bá ń lọ sókè sódò, àyè ti pọ̀ jù níbi tí orí sìkúrù ti wọnú ṣáàfùtì.

Bọ́ọ̀sì yíyọ kúrò lára ọkọ̀ kò gba ọgbọ́n púpọ̀, àfi ibi pítímánì. Ẹ fi nǹkan mímú fa ìlà sára pítímánì àti ìdí ṣáàfùtì kí ẹ lè dá a padà sí eyín tó wà. Púlà ni kí ẹ fi yọ ọ́. Ẹ má fi òlùgbọ́ńgbọ́ lu ìdí ṣáàfùtì, ẹrù ìlù yẹn yóò lọ sórí eyín àti sórí ìdérí bọ́ọ̀sì. Ẹ má sì fi iná gáàsì yan pítímánì, torí pé irin tí wọ́n fi ooru sè fún agbára ni, iná lè sọ ọ́ di irin rírọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dàgbà ju tiyín lọ, ọ̀pá sìtíárìn àti wọ́ọ̀mù jẹ́ irin kan ṣoṣo, ẹ ó ní láti yọ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ti kúrò lára pítímánì, ẹ má fi agbára yí i dé òpin. Nínú ọkọ̀, ibòmíràn ló ń dá táyà dúró kí nọ́ọ̀tì oníbọ́ọ̀lù tó kan ògiri. Lórí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ forí sọ, páìpù kékeré tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá á sì tẹ̀. Ẹ rọra yí i dé òpin kan, ẹ ka iye ìyípo dé òpin kejì, ẹ pín in sí méjì. Àárín nìyẹn. Ẹ fi ìlà sàmì sí i, gbogbo iṣẹ́ tó kù orí àmì yẹn ló dúró lé.

Ẹ fọ ìta rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó ṣí i, ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí ẹ sì wò ó. Eruku irin tó rí wínníwínní jẹ́ ohun tí ọjọ́ orí ń fà. Èérún irin tó ń dán, tí ẹ lè fi èékánná mú, ti wá láti ara bẹ́ẹ̀rìn tàbí ojú wọ́ọ̀mù. Ẹ gbé sìtíárìn sí àárín, torí pé ibẹ̀ nìkan ni eyín ṣáàfùtì ti lè gba ẹnu ìdérí jáde. Ẹ tú bóòtì ìdérí, ẹ wá máa yí sìkúrù orí sínú: òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ìdérí kúrò. Ṣáàfùtì eléyín jáde, lẹ́yìn náà ni ẹ tú ìdí wọ́ọ̀mù, tí wọ́ọ̀mù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ á jáde pọ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì oníbọ́ọ̀lù ni kí ẹ tẹ́ aṣọ funfun. Ẹ ka bọ́ọ̀lù ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì náà bá ń yí lọ́ fàlàlà lórí wọ́ọ̀mù tí kò sì mì, tí ẹ kò rí ìpalára níbi tí ojú tó, ẹ lè fi í sílẹ̀ láìtú. Kò sí èrè nínú kí a tú ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ibi tí ìdáhùn ìbéèrè yín wà gan-an la dé yìí. Ohun méjì ló ń sọ bóyá bọ́ọ̀sì ṣeé tún ṣe: ojú wọ́ọ̀mù àti eyín ṣáàfùtì pẹ̀lú ti nọ́ọ̀tì. Ẹ fọ wọ́n, ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ sì fa èékánná gba inú ipa wọ́ọ̀mù kọjá, pàápàá ní àárín. Bí èékánná bá ń kọ́ ihò kéékèèké, tàbí tí ẹ rí ibi tí awọ irin ti bó, wọ́ọ̀mù yẹn ti parí. Ìta irin wọ̀nyí nìkan ni wọ́n sè le, awọ tín-ínrín ni. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Bí awọ náà bá ti lọ, kò sí fáìlì tàbí ẹ̀rọ tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) tó lè dá a padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́ẹ̀dà kún eyín tàbí ìdí ṣáàfùtì lórúkọ àtúnṣe. Ibi tí wẹ́ẹ̀dà bá ti kàn lára irin sísè ni yóò ti kán lọ́jọ́ kan, sìtíárìn tó bá sì kán lójú ọ̀nà kò ní bíréèkì tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo ìdí ṣáàfùtì níbi tí pítímánì ti wọ̀. Àwọn ìlà eyín wẹ́wẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ gbọn-ọn-ran. Bí wọ́n bá lọ́ díẹ̀, ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan rí, ẹ kó ṣáàfùtì yẹn dànù. Fún èyí tó tọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó lè fi òògùn aláwọ̀ tàbí mágínẹ́ẹ̀tì wá ojú ibi tó là tí ojú lásán kò rí. Mo máa ń fi dandan lé èyí fún gbogbo ọkọ̀ tó bá ti tó ọjọ́ orí tiyín.

Bí wọ́ọ̀mù àti eyín bá dára, ẹ yọ̀. Gbogbo ohun tó kù ló ní àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀rìn méjì ìdí wọ́ọ̀mù: ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú ojú tí wọ́n ń jókòó sí, ẹ má fi bọ́ọ̀lù tuntun sórí ojú àtijọ́. Bọ́ọ̀lù inú nọ́ọ̀tì: lódindi ni kí ẹ pààrọ̀ wọn, kí wọ́n dọ́gba ní ìwọ̀n, bí ẹ bá fi tuntun díẹ̀ dà pọ̀ mọ́ tàtijọ́, èyí tó tóbi jù díẹ̀ nìkan ni yóò máa ru ẹrù. Búṣì ṣáàfùtì ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó mọṣẹ́. Ó ní láti tì wọ́n wọlé, kó sì fi irinṣẹ́ kan ṣoṣo gbẹ́ inú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ihò wọn lè wà lójú ìlà kan. Bí ó bá gbẹ́ wọn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣáàfùtì á dúró wọ́gọwọ̀gọ, eyín kò sì ní kọ́ra bó ṣe yẹ. Bí ibi tí síìlì ń gbá lára ṣáàfùtì bá ti ní kòtò, ọ̀wọ́ irin tín-ínrín wà tí wọ́n ń fi bọ̀ ọ́ ní ọrùn, tàbí kí wọ́n fi kúróòmù líle kún un, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ padà sí ìwọ̀n. Kúróòmù kì í fi iná yọ́ irin bíi wẹ́ẹ̀dà.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní bọ́ọ̀sì oníbọ́ọ̀lù náà lè máa ka èyí. Triumph TR2 àti TR3 ní èèkàn irin tó ń rìn nínú ipa wọ́ọ̀mù. Orí èèkàn yẹn ló máa ń jẹ pẹlẹbẹ, òun sì ni ẹ óò kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ Volkswagen Beetle láti 1962 ń lo rólà dípò eyín. Ẹ yẹ bẹ́ẹ̀rìn inú rólà náà wò. Ètò títún un ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ ju bọ́ọ̀sì nù, kí ẹ fi sìtíárìn oníráàkì (ọ̀pá eléyín gbọọrọ tó ń ti táyà, tí kò ní bọ́ọ̀sì) sí i, bí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe ṣe: Jaguar fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ nígbà tí XK140 rọ́pò XK120 ní 1954, Triumph náà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí TR4 ní 1961. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ṣírò gígùn ọ̀pá táyà pọ̀ mọ́ apá sọ́kì (apá irin tó gbé táyà ró). Bí ráàkì tí a kàn de mọ́ férémù kò bá bá apá sọ́kì mu, táyà á máa yà fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá bọ́ sí gẹ́lẹ́gẹ̀lẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó dára, tí a tò dáadáa, kò fi ọkọ̀ yín ṣe nǹkankan tó burú. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Ó wá ku títò, ibi tí iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́. Ètò rẹ̀ kò ṣeé yí padà: bẹ́ẹ̀rìn wọ́ọ̀mù ṣáájú, eyín lẹ́yìn. Nígbà tí ṣáàfùtì eléyín ṣì wà níta, tàbí tí sìkúrù rẹ̀ ti dẹ̀ pátápátá, ẹ fún bẹ́ẹ̀rìn wọ́ọ̀mù títí kò fi ní wọlé jáde mọ́, tó sì ń fi ìtakò díẹ̀ yí. Àwọn bọ́ọ̀sì kan ní ìdérí kékeré olójú sìkúrù fún èyí, àwọn mìíràn ní ṣíìmù, ìyẹn awẹ́ irin tín-ínrín tí ẹ óò máa yọ tàbí fi kún. Ẹ wọn ìtakò náà. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín ló ní ìwọ̀n tó tọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ lè mọ bí ó ṣe kéré tó: nínú bọ́ọ̀sì oníbọ́ọ̀lù Saginaw aláìnípáwà ti ilé iṣẹ́ GM, bẹ́ẹ̀rìn nìkan máa ń gba nǹkan bí 0.6 sí 0.9 Nm (níútìn-mítà, ìwọ̀n agbára yíyí). Bí ẹ kò bá ní sípánà tọ́ọ̀kì kékeré, èyí tó ń wọn agbára yíyí, ẹ de ọwọ́ sìtíárìn mọ́ ọn, kí ẹ fi ìwọ̀n onísípíríìnì fa etí rẹ̀. Lórí ọwọ́ sìtíárìn tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ 200 mm, 0.7 Nm kò ju 3.5 níútìn lọ, ìyẹn ẹrù tí kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún kílò. Ẹni tó bá ń fún un títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n lára ti fún un jù.

Kí ṣáàfùtì tó wọlé, ẹ wọn àyè orí sìkúrù nínú ihò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 0.05 mm lọ nínú irú bọ́ọ̀sì tí mo sọ yẹn. Ṣíìmù wà fún un. Ẹ wá gbé wọ́ọ̀mù sí àárín gan-an, ẹ fi ṣáàfùtì sí i kí eyín àárín rẹ̀ bọ́ sínú kòtò àárín nọ́ọ̀tì, ẹ de ìdérí pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ rọra yí sìkúrù títí àyè àárín yóò fi tán, kí ẹ sì tún wọn ìtakò bí ẹ ti ń yí i gba àárín kọjá. Yóò lé díẹ̀ níbẹ̀: 0.5 sí 1.1 Nm lórí ti bẹ́ẹ̀rìn, kí àpapọ̀ má ju 1.8 Nm lọ. Ẹ fi sìkúdíráífà di sìkúrù mú gbọn-in nígbà tí ẹ bá ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n, torí nọ́ọ̀tì máa ń fa sìkúrù lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá yí i láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtakò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì le díẹ̀ bó ti ń kọjá àárín, bọ́ọ̀sì yín ti sàn. Bí ó bá dẹ̀ ní àárín tó há lẹ́gbẹ̀ẹ́, eyín ti jẹ jù, ẹ wá wọ́ọ̀mù, nọ́ọ̀tì àti ṣáàfùtì míràn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ẹ kò bá rí wọn, ìgbà yẹn nìkan ni mo lè ní kí ẹ wá bọ́ọ̀sì míràn. Bí ẹ bá sì rà á, tuntun tàbí àlòkù, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kan náà fún un lórí tábìlì kí ó tó wọnú ọkọ̀.

Ọ́ìlì: ẹ má fi gíríìsì táírọ́ọ̀dù kún bọ́ọ̀sì kí ó má baà kán. Gíríìsì líle máa ń kúrò lójú eyín lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣàn padà, irin á wá máa gbo irin. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ lò. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn, ọ́ìlì gíá tó ki, SAE 90 tàbí 140, ni. Níbi tí búṣì bá jẹ́ ti idẹ, nínú àwọn ìpele ọ́ìlì gíá, GL-4 ni mo máa ń yàn ju GL-5 lọ. Bí bọ́ọ̀sì bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ tí kò ní síìlì gidi, gíríìsì ṣíṣàn tí àmì rẹ̀ jẹ́ NLGI 00 dára, torí pé ó ń ṣàn padà sójú eyín, kì í sì tètè jáde.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà sínú ọkọ̀, ẹ tú ohun tó gbé ọ̀pá sìtíárìn ró lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ de bọ́ọ̀sì mọ́ férémù ṣáájú, kí ẹ tó de ti òkè. Bí ẹ bá fi agbára fa ọ̀pá kó lè bá ihò mu, ẹrù yẹn á máa wà lórí bẹ́ẹ̀rìn wọ́ọ̀mù títí ayé. Bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà ní àárín nígbà tí táyà bá kọjú síwájú. Ọ̀pọ̀ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí: wọ́n á rí i pé ọwọ́ sìtíárìn wọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á yí i sí eyín míràn kó lè tọ́. Ojú ti tọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kò sí ní àárín mọ́. Ẹ̀gbẹ́ eyín tó ní àyè ni ọkọ̀ á wá máa fi rìn, fíríì á sì padà bí ẹni pé ẹ kò ṣe nǹkankan. Bí ó bá wọ́, táírọ́ọ̀dù ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ yí ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan wọlé, èkejì jáde, kí ẹ lọ ṣe alánímẹ́ǹtì lẹ́yìn náà.

Ní ti pé ṣé ẹ̀yin lè ṣe é: títú, fífọ̀, àyẹ̀wò àti títò, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ní sùúrù àti ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà. Búṣì, kúróòmù àti wíwá ibi tó là, ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ojú kejì yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì àti píìnì pítímánì wò kí ọkọ̀ tó jáde, kí ẹ fi ìrìn pẹ̀lẹ́ wà á ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún fún bóòtì férémù lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà díẹ̀. Bí ìtakò inú bọ́ọ̀sì bá tọ̀nà tí ọwọ́ sìtíárìn kò sì tíì máa padà dáadáa, ẹ má tún ṣí bọ́ọ̀sì. Ìdagun píìnì tí táyà ń yí lé ló ń dá sìtíárìn padà. Ẹ fún píìnì náà ní gíríìsì, ẹ wo atẹ́gùn táyà, kí ẹ sì ní kí alánímẹ́ǹtì wọn ìdagun rẹ̀.